Ẹsẹ̀ Tí Kì Í Jẹ́ Ká Sùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí A Ṣe Lè Dènà Ẹsẹ̀ Àìsinmi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ alẹ́ mi ni kí n máa gun màmá mi lẹ́sẹ̀. Bí a bá ti jẹun tán, tí wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọn á pè mí: "Wá bá mi gun ẹsẹ̀ yìí, ó ti tún dé." Màá di ògiri mú, màá dúró lé ẹ̀yìn ojúgun wọn, màá sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ títí mímí wọn á fi yí padà, tí màá mọ̀ pé wọ́n ti sùn. Kò sẹ́ni tó pè é ní àìsàn. Ọjà la dá lẹ́bi, a ní wọ́n ti dúró jù. Lẹ́yìn tí mo pé ẹni ogójì ọdún ni tèmi náà bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tó ń ṣe wọ́n ní orúkọ, pé ó ní ohun tó ń fà á, àti pé ọ̀pọ̀ nínú òru tí wọn ò sùn yẹn, wọn ì bá ti sùn ún.

Mi ò kì í ṣe dókítà; aláìsàn tó ti wádìí àìsàn ara rẹ̀ kiri ni mí. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Kí ni ẹsẹ̀ àìsinmi gan-an?

Restless legs syndrome ni àwọn dókítà ń pè é, wọ́n sì máa ń gé e kúrú sí RLS. Ẹsẹ̀ á máa yọ èèyàn lẹ́nu pé kó gbé òun, kó mi òun, kó dìde rìn. Ẹnì kan á ní ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn nínú eegun òun. Ẹlòmíràn á ní ó dà bí omi tó ń ṣàn nínú iṣan. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé ju pé "ara ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀" lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà máa ń ṣe, ó sì lè dé apá.

Àmì mẹ́rin ló máa ń pé jọ. Ó máa ń wu èèyàn láti gbé ẹsẹ̀, kò sì ṣeé pa mọ́ra. Ìgbà téèyàn bá jókòó tàbí tó dùbúlẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dìde tí ẹ rìn, tàbí tí ẹ na ẹsẹ̀, á rọlẹ̀, ó kéré tán níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń rìn. Ìrọ̀lẹ́ àti òru ló sì máa ń le jù. Lẹ́yìn náà ni dókítà á wò ó bóyá àìsàn mìíràn kọ́ ló fara jọ ọ́. Kò sí fọ́tò tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó lè sọ pé òun rèé. Ẹnu yín ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Thomas Willis, dókítà ará England, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1672, ó ní àwọn tó ń ṣe kò lè sùn ju ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ lọ. Karl-Axel Ekbom, dókítà ará Sweden, ló sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, ní nǹkan bí 1945. Ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, nínú àgbàlagbà 100, àwọn bíi 5 sí 10 ló ní i, obìnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọkùnrin nínú wọn. Fún ọ̀pọ̀ kò le. Àwọn tó le fún ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe pajápajá, làkúrègbé tàbí àtọ̀gbẹ?

Pajápajá máa ń mú èèyàn lójijì, iṣan á le gbagidi bí òkúta, á sì dun èèyàn gan-an fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹsẹ̀ àìsinmi kì í mú kí iṣan le. Ní ti làkúrègbé, oríkèé ló ń dùn, rírìn sì lè dá kún un. Àtọ̀gbẹ tó ti ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ máa ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ máa jó bí iná tàbí kó kú, tọ̀sán-tòru, rírìn ò sì ní kó lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn nígbà tó bá ń rìn, tó sì ń tù ú nígbà tó bá dúró, tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹ̀jẹ̀ lè má máa dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Àwọn yìí lè pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, pàápàá àgbàlagbà.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tó gbóná, tó ń dùn, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.

Ṣé a lè dènà rẹ̀ lóòótọ́?

Ó dá lórí irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀yà kan wà tó ń tinú ẹbí wá. Ní 2007, àwọn onímọ̀ rí díẹ̀ nínú àwọn àbùdá tó so mọ́ ọn, MEIS1 àti BTBD9 wà lára wọn. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá ní i, ó lè tètè bẹ̀rẹ̀ lára yín, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí bí wọ́n ṣe bí yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó jogún ilé tó ń jò ṣì lè pààrọ̀ páànù. Àbùdá yẹn lè wà lára èèyàn kó má ṣe é ní nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ẹ̀jẹ̀ á fi dín kù, tàbí títí ẹnì kan á fi fún un ní oògùn tí kò bá a lára mu.

Ẹ̀yà kejì ni èyí tí nǹkan mìíràn fà: àìtó èròjà irin (iron) nínú ara, oyún, àìsàn kíndìnrín, àwọn oògùn kan. Èyí ṣeé dènà, àwọn míì á tiẹ̀ lọ pátápátá bí ohun tó fà á bá lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kí gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, yálà wọ́n jogún ún tàbí wọn ò jogún ún.

Kí ló dé tí ẹ fi máa ń tẹnu mọ́ irin tó bẹ́ẹ̀?

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Ọpọlọ nílò èròjà irin láti fi ṣe dopamine, ọ̀kan lára àwọn ohun tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń gbéra àti bó ṣe ń sinmi. Bí irin inú ọpọlọ bá kéré, ìdarí yẹn á dàrú. Alẹ́ sì ni agbára dopamine máa ń lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ tó sùn pẹ̀sẹ̀ lọ́sàn-án fi ń jí nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí irin ń gbà kúrò lára wa. Nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, pàápàá lára obìnrin tó ní fáíbírọ́ìdì. Oyún tó tẹ̀lé oyún láìsinmi. Jẹ̀díjẹ̀dí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ọgbẹ́ inú. Aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé lára ẹni tó ń rin oko láìwọ bàtà. Ibuprofen tàbí diclofenac tí àwọn oníṣẹ́ agbára ń lò lójoojúmọ́ nítorí ara ríro, tó sì ń mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ déédéé náà ń fún wọn ní irin pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, àmọ́ kó máa yẹ ara rẹ̀ wò.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́: bí ó bá ń wu èèyàn láti máa jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, amọ̀, ẹfun, ìrẹsì tí a kò sè, tàbí kó máa rún yìnyín lẹ́nu ṣáá. Irin ló sábà máa ń dín kù lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Màmá mi bí ọmọ mẹ́fà, ẹfun kì í sì í wọ́n nídìí aṣọ wọn. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó dùn mí báyìí tí mo bá rántí.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, PCV mi dáa. Ṣé kò tán síbẹ̀?

Kò tán. PCV, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, dà bí ẹni tó ń sọ iye iṣu tó wà lórí iná lónìí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ferritin ló ń sọ iye irin tó kù nínú àká ara. Ìyàwó ilé lè máa se oúnjẹ tó pọ̀ lójoojúmọ́ kí àká sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo; ẹni tó bá ń wo ìkòkò nìkan ò ní mọ̀ títí ọjọ́ tí kò ní sí nǹkan kan láti gbé kaná.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni 75. Ilé àyẹ̀wò lè kọ ọ́ pé ferritin tó jẹ́ 20 tàbí 30 kò burú, nítorí pé ìyẹn lè tó fún ẹni tí kò ní àìsàn yìí. Fún ẹni tó ní ẹsẹ̀ àìsinmi, àwọn onímọ̀ nípa rẹ̀ ní bó bá jẹ́ 75 tàbí tó kéré sí i, tàbí tí àyẹ̀wò kejì tí wọ́n ń pè ní transferrin saturation kò bá tó 20 nínú 100, ó yẹ kí wọ́n fún un ní irin. Fún ọmọdé, 50 ni wọ́n ń wò.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà láàárọ̀, kí ẹ má sì lo oògùn irin lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ má ṣe é nígbà tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yín gúnlẹ̀, nítorí ibà àti àìsàn tó ń mú ara gbóná máa ń gbé ferritin sókè lọ́nà ẹ̀tàn. Èmi ti rí i lára ara mi. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ibà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní mi ò ní ìṣòro kankan. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, 14 ni wọ́n rí.

Ṣé kí n kúkú máa lo fesolate, oògùn irin, lọ ni?

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ná. Ìdí méjì ló wà. Ìkíní, irin tó pọ̀ jù máa ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́, ara kò sì ní ọ̀nà tó rọrùn láti lé e jáde. Ẹni tó jẹ́ SS tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà lè ti ní irin ju bó ṣe yẹ lọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fọwọ́ kan oògùn irin láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ìkejì, bí irin bá kéré, ó yẹ ká mọ ibi tó gbà lọ. Àgbàlagbà ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ti wọ àsìkò àìrí nǹkan oṣù mọ́, tí irin rẹ̀ kéré, lè máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Dídá omi sínú garawa tó lu ò ní kó kún.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ lò ó, ẹyọ kan lóòjọ́, tàbí ní ọjọ́ kan ká fo ọjọ́ kejì, sábà máa ń tó, nítorí pé lẹ́yìn tí irin bá wọlé, ara máa ń sé ọ̀nà díẹ̀ kí òmíràn má tètè wọlé. Ẹ lò ó kí ẹ tó jẹun, kí ẹ fi omi ọsàn tì í. Tíì, mílíìkì, oògùn calcium àti oògùn inú ríru kì í jẹ́ kó wọlé. Ẹ jẹ́ kí wákàtí bíi méjì wà láàárín wọn. Ìgbẹ́ á dúdú, ìyẹn kì í ṣe àléébù. Inú lè kún tàbí kí ìgbẹ́ le. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta kí àká tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún, nígbà yẹn ni kí ẹ tún àyẹ̀wò ṣe.

Ẹ tọ́jú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Ó jọ súìtì lójú wọn, ó sì lè pa wọ́n.

Bí oògùn oníhóró ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa irin sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Bí ferritin bá wà láàárín 75 àti 100, ọ̀nà yìí ni wọ́n sábà máa ń gbà, nítorí ìfun kì í fi bẹ́ẹ̀ gba oògùn oníhóró wọlé mọ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sí ẹni tó ń ṣe é nílé.

Oúnjẹ wo ló ń dá irin padà?

Ẹ̀dọ̀ ẹran ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ẹran pupa, ẹja àti ìgbín. Irin inú ẹran tètè ń wọ ara. Tinú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọlé, àmọ́ ata, tòmátò àti ọsàn máa ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀wà tí a jẹ tí a sì fi ọsàn méjì lé e sàn ju ẹ̀wà tí a fi tíì tì lọ. Aláboyún nìkan ni kó má jẹ ẹ̀dọ̀ lájẹjù, nítorí èròjà vitamin A inú rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ní ìkòkò irin àtijọ́ nílé, ẹ má jù ú nù, díẹ̀ lára irin rẹ̀ máa ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ferritin rẹ̀ ti lọ sí 14, oúnjẹ nìkan kì í sábà tètè gbé e sókè. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí n tó gbà.

Oògùn wo ló lè fà á tàbí kó mú un burú sí i?

Ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣe wá léṣe jù láìmọ̀. Màmá mi ò rí oorun sùn, wọ́n lọ sí kẹ́míìsì kan ládùúgbò, wọ́n fún wọn ní oògùn tó máa ń kun èèyàn lóorun. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n rìn yí ilé ká títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n tún lò ó lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n rò pé ti àná ò tó.

Àwọn oògùn ara yíyún àti òtútù tó ń kunni lóorun ló wà níwájú: chlorpheniramine tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton, promethazine tí à ń pè ní Phenergan, àti diphenhydramine. Ẹ ka ara páálí oògùn òtútù àti ikọ́, ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń fara pa mọ́ síbẹ̀. Loratadine àti cetirizine kì í sábà dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Metoclopramide, tí wọ́n ń fún ẹni tó ń bì, náà wà níbẹ̀. Oògùn àìsàn ọpọlọ bíi haloperidol ńkọ́? Òun náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, títí kan amitriptyline tí wọ́n máa ń kọ fún ara ríro àti àìrí oorun sùn.

Èyí tí dókítà kọ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín, pàápàá ti ọpọlọ àti ti ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹ padà lọ bá a, kí ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ yín ò jẹ́ kí ẹ sùn látìgbà tẹ́ ẹ ti ń lò ó. Òmíràn wà tó lè fi rọ́pò rẹ̀.

Obì, kọfí, ọtí àti sìgá ńkọ́?

Caffeine tó wà nínú kọfí wà nínú obì náà, ó wà nínú tíì, kóòkì àti àwọn ohun mímu tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Ọlọ́dẹ, awakọ̀ òru àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé mọ́jú ló máa ń jẹ obì jù, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń torí rẹ̀ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ní ẹsẹ̀ àìsinmi, ẹ dá a dúró láti ọ̀sán, kí ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọtí máa ń kun èèyàn lóorun ní àkọ́sùn, á sì jí ẹsẹ̀ dìde láàárín òru. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ọtí náà ni. Sìgá ò yàtọ̀.

Mo wà nínú oyún oṣù méje, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ má fòyà. Nínú aláboyún márùn-ún, ó máa ń ṣe bí ẹnì kan, oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló sì máa ń le jù. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, á lọ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Irin àti folic acid tí wọ́n ń fún yín ní ìpàdé aláboyún, ẹ máa lò ó lóòótọ́. Mo mọ àwọn tó ń kó o sábẹ́ ìrọ̀rí nítorí pé ó ń rùn sí wọn. Bí ó bá ń bì yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó yí i padà. Ẹ bi wọ́n nípa ferritin. Ẹ dín ẹfun àti amọ̀ kù, wọ́n máa ń dí irin lọ́nà. Ẹ má lo oògùn kankan fún ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú oyún yín mọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní i nínú oyún lè tún rí i nínú oyún mìíràn tàbí nígbà tó bá dàgbà, nítorí náà kó máa ṣọ́ irin rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kíndìnrín bàbá mi kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn, jíjókòó fún wákàtí mẹ́rin níbẹ̀ sì ń dá kún un. Ẹ sọ fún àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, nítorí wọn kì í sábà béèrè. Wọ́n á wo irin wọn, wọ́n á sì ṣírò oògùn bá kíndìnrín wọn mu. Lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, ó sábà máa ń rọlẹ̀.

Kí ni kí n ṣe nígbà ìrìn àjò, àìsùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí nídìí onídìrí?

Jíjókòó pẹ́ lálẹ́ ni ọ̀tá wa. Èmi kì í lọ dirí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo ń lọ, mo sì máa ń sọ fún onídìrí pé màá dìde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀ dípò ọkọ̀ òru. Nínú bọ́ọ̀sì tàbí bàálù, ẹ gba àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín, kí ẹ lè dìde láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ẹ máa tẹ ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò, bí ẹ kò bá ti jẹ́ awakọ̀. Ní àìsùn, ẹ jókòó sẹ́yìn. Bí ẹ bá dìde rìn nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà, Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó ń fún ọpọlọ ní iṣẹ́ máa ń dá a dúró díẹ̀: ọ̀rọ̀ tó gbádùn mọ́ni, ayò, aṣọ rírán, ìṣirò owó. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ìtura tó wà nínú ayò fún ẹni tí kò ní àìsàn yìí.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ lóru. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ẹ má dùbúlẹ̀ máa bá a jà. Ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ na ẹ̀yìn ojúgun àti itan: ẹ dojú kọ ògiri, ẹ fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ wẹ ẹsẹ̀. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé omi tútù ló ń tù wọ́n. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọ̀rá tàbí ìpara rà á. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ara rẹ̀ fúyẹ́, kó gùn ún bí èmi ṣe ń gun ti màmá mi. Títẹ ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kì í ṣe pé a kàn ń tan ara wa.

Àwọn tó ń ṣeré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sàn-án, bíi rírìn kíákíá fún ìdajì wákàtí, máa ń rí i pé ó dín kù. Eré àṣejù, tàbí èyí tí a ṣe kù díẹ̀ ká sùn, máa ń jí i. Ẹ máa sùn lásìkò kan náà, nítorí àìsùntó ń mú un le, bó bá sì ti le, ẹ kò ní lè sùn tó.

Àwọn ará ilé mi ní nǹkan ni mo fẹsẹ̀ tẹ̀.

Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi náà. Ohun tó ń ṣeni lóru nìkan, tí kò ní ojú ọgbẹ́, tí dókítà wò tí kò rí, mo mọ ìdí tó fi ń jọ èèyàn lójú bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ferritin kí ẹ tó ná owó sórí ètùtù. Àìsàn kan náà yìí ni Willis rí lára àwọn ará England ní ohun tó lé ní ọ̀rúndún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ń ṣe ará Sweden bó ṣe ń ṣe ará Ìbàdàn.

Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ sábẹ́ ẹní, kí n lo magnesium, kí n lo quinine, kí n lo tramadol.

Ọṣẹ ò ní ẹ̀rí kankan, àmọ́ kò ní pa yín lára. Ẹ̀rí magnesium ò lágbára. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa kó yẹra fún un. Quinine kì í ṣe oògùn àìsàn yìí, ó sì lè da ìlù ọkàn rú. Tramadol, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ó ń di bárakú, ó sì lè mú kí ẹsẹ̀ àìsinmi burú sí i tó bá yá.

Ọmọ mi ọdún méje ní èèrà wà nínú ẹsẹ̀ òun.

Ẹ gbà á gbọ́. Ọmọdé ń ní i, wọ́n sì máa ń pè é ní ẹsẹ̀ dídùn nítorí pé ọmọ ń dàgbà, tàbí kí wọ́n ní ọmọ ò gbọ́ràn, kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ irin rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wò ó bóyá aràn wà níbẹ̀. Iye oògùn irin tí ọmọ máa lò, dókítà ló máa sọ ọ́.

Ọkọ mi ní mo máa ń ta òun nípàá lójú oorun.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ẹsẹ̀ àìsinmi ni ẹsẹ̀ wọn máa ń fò lójú oorun, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 40 síra wọn, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òun ló rí i.

Oògùn wo ni dókítà lè kọ, èwo ni kí n sì ṣọ́ra fún?

Bí irin bá ti tó tí kò sì lọ, gabapentin tàbí pregabalin ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò báyìí. Wọ́n lè mú kí òyì máa kọ́ yín, wọn kì í sì í bá ọtí ṣe. Tẹ́lẹ̀, pramipexole àti ropinirole ló wà níwájú, wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ bí idán ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, àìsàn á máa tètè dé, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á gun apá, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìlànà tuntun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2025, wọ́n ní kí wọ́n má fi àwọn oògùn yẹn ṣe àkọ́lò mọ́. Wọ́n tún lè mú kí ẹni tí kì í ta tẹ́tẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, tàbí kó máa náwó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Bí ẹ bá ń lò ó tí ẹ rí irú èyí, kì í ṣe ìwà yín ló bàjẹ́. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má sì dá a dúró lójijì.

London ni mo ń gbé, iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tó ń tọ́jú àgbàlagbà níbẹ̀ ló wà nínú irú ipò yìí. Bí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, bá ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín kò ní àléébù, ẹ béèrè bóyá ferritin wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ yẹra fún tíì tí wọ́n ń mu mọ́ oúnjẹ. Bí ẹ bá lè bẹ ọ̀gá yín, ẹ máa ṣe iṣẹ́ òru léra léra dípò kí ẹ máa fò láti òru sí ọ̀sán, kí ara lè mọ ìgbà tí oorun rẹ̀ jẹ́.

Kí ni kí n sọ tí mo bá dé iwájú dókítà?

Ẹ má sọ pé "ẹsẹ̀ ń dùn mí," nítorí oògùn ara ríro ni wọ́n á kọ fún yín. Ẹ sọ pé: "Ó máa ń wù mí láti gbé ẹsẹ̀ mi, ìgbà tí mo bá jókòó tàbí tí mo bá dùbúlẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, tí mo bá rìn ó ń lọ, alẹ́ ló sì máa ń le jù." Ẹ dárúkọ ẹni tó tún ní i nínú ẹbí. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá, títí kan ti òtútù àti àgbo, kí ẹ gbé e lọ. Ẹ sọ bí nǹkan oṣù yín ṣe ń wá, bí ìgbẹ́ yín bá ń dúdú, bí ẹ bá ń jẹ ẹfun. Bí èsì ferritin bá dé, ẹ má gba "ó dáa" lẹ́nu ẹnikẹ́ni; ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Ti màmá mi wà nínú Bíbélì wọn. 22 ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún kí ẹnikẹ́ni tó béèrè fún un.